Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àǹtí Sàfúrátù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ó lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyàwó mi kò mọ̀. Àwọn tí a jọ ń kírun kò mọ̀. Mo purọ́ mọ́ obìnrin kan nínú mọ́ṣáláṣí, irọ́ náà sì tú ilé rẹ̀ ká. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kun ojú mi.

Káfíńtà ni mí ní Addo, lẹ́bàá Ajah. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira. Abúlé apẹja ni Ajah nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi la sì fi ń lọ sí Èkó. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Mo ti ka ìwé mẹ́fà. Àwọn àgbà wa mọ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lè ka ìwé Yorùbá.

Àǹtí Sàfúrátù ni ìyàwó Bùráímọ̀ apẹja. Èkó ló ti dàgbà, ó sì mọ̀wé jù mí lọ. Tí àwọn obìnrin bá ń yan ẹja lọ́sàn-án, á jókòó sáàárín wọn, á máa ka ìwé ìtàn kan fún wọn. Ìtàn obìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tó wá sá nílé. Àwọn obìnrin á gbàgbé ẹja sórí iná. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké náà á rọ̀gbà yí i ká, Àǹtí á sì máa fi igi kọ a-b-d sórí iyanrìn fún wọn.

Èmi náà máa ń dúró gbọ́. Lọ́jọ́ kan ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí n bá òun kà á. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà mọ̀wé. Ìwé náà kò ní àmì ohùn. Mo kà á sókè pé, "Obìnrin náà ti ọkọ sínú omi, ó ń kọrin lọ."

Àwọn obìnrin hó yèè. Àǹtí Sàfúrátù ní, "Àbúrò mi, ọkọ̀ ni o! Má bá wa pa ọkọ olọ́kọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kò ní mi sínú rárá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ti-ọkọ-sómi. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ohun kékeré ni. Àmọ́ ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní álfà kan wà nínú ìwé náà, wọ́n sì ní ìwé náà ń kọ́ àwọn ìyàwó bí wọ́n ṣe ń kọ ọkọ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n dáná sun ún. Bàbá Lèmọ́mù, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, sọ pé àwọn ò ní dá ẹjọ́ ohun tí àwọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n wá ka ibi tí álfà náà wà fún àwọn lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Àwọn àgbà méje ló jókòó lórí ẹní. Bùráímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Sàfúrátù jókòó lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta fún àwọn obìnrin, ó pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé nìyí. Obìnrin náà sá wọ ilé álfà. Álfà fún un lómi mu. Ó ní kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó má bẹ̀rù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wo ojú ìwé náà. Mo gbọ́ bí ọmọ Àǹtí ṣe ń ké lẹ́yìn aṣọ, mo sì rántí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn. Mo ní álfà tú láwàní rẹ̀, ó sì bá ìyàwó oníyàwó sùn nínú mọ́ṣáláṣí. Mo ń fi ìka tọ ìlà bí ẹni tó ń kà á.

"Irọ́ ni! Kò sí níbẹ̀!" Àǹtí Sàfúrátù ló pariwo. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn kó kà á."

Bàbá Lèmọ́mù wo gbogbo wọn yíká. "Ta ló tún lè kà á nínú wa?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́ gbà á. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ lo kà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ká ní wọ́n ní kí n búra ni, bóyá ẹ̀rù ì bá bà mí. Wọn ò ní kí n búra. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Wọ́n sun ìwé náà níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kí Àǹtí kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òun ò kà. Ojú ti Bùráímọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kó bẹ̀bẹ̀, àbí kó máa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí pọn ọmọ ọwọ́, ó gba Eléko lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Bùráímọ̀ kò jẹ́ kó mú Rìsíkátù, ọmọ ọdún márùn-ún, dání. Ọmọ náà sá tẹ̀ lé e títí dé etí omi kí wọ́n tó lọ gbé e padà. Mo wà níbẹ̀. Mo ń wò ó.

Kò sẹ́ni tó tún kàwé nídìí ẹja mọ́. Nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ a-b-d lórí iyanrìn, mẹ́ta ṣì wà ládùúgbò wa. Tí àwọn ẹbí wọn bá kọ lẹ́tà sí wọn, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún kí n bá wọn kà á. Ohunkóhun tí mo bá kà ni wọ́n ń gbà.

Rìsíkátù ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti rí ọkọ, àmọ́ àwọn ẹbí ọkọ gbọ́ pé torí ìwé ìṣekúṣe ni wọ́n fi lé ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń lọ́ra láti so yìgì. Ó ní, "Bàbá Mùdá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kà á. Kí ló wà nínú ìwé yẹn gan-an?"

Mo ní ó ti pẹ́, mi ò rántí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹnu mi! Ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Eléko. Mo bá Àǹtí Sàfúrátù níbi tó ti ń bó àgbọn. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Èmi kọ́ lo purọ́ fún. Èmi mọ ohun tó wà nínú ìwé mi. Àwọn tó o purọ́ fún ni kó o lọ bá."

Mo bi í bóyá ó dárí jì mí. Ó ní, "Dìde, iyanrìn ti kún aṣọ rẹ." Ó yí padà sídìí àgbọn rẹ̀.

Bàbá Lèmọ́mù ti kú. Nínú àwọn méje yẹn, méjì ló kù láyé. Bùráímọ̀ ò ríran mọ́, kì í jáde nílé. Èmi wá ni akọ̀wé mọ́ṣáláṣí báyìí, Mùdá ọmọ mi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Tí mo bá dìde sọ̀rọ̀, ojú á ti gbogbo ilé mi. Tí mo bá dákẹ́, yìgì Rìsíkátù lè dàrú. Jímọ̀ méjì péré ló kù kí ọjọ́ yìgì náà pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé ọmọ náà ni, àbí baba rẹ̀ tó jókòó sínú òkùnkùn, àbí kí n dìde láàárín gbogbo jámáà? Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti dìde, mo tún padà jókòó. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kíákíá, kí ọmọ ọlọ́mọ má tún tìtorí mi sunkún lẹ́ẹ̀kejì.