Mo Dínà Iṣẹ́ Mọ́ Ẹni Tó Ń Pè Mí Ní Mọ́mì

Ẹ̀yin ònkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tipẹ́, mi ò lè dá a gbé mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Olú tí à ń jẹ ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Ọkọ mi máa ń ní olú gan-an ni mo fẹ́, pé òun kàn ń bá wa gbélé ni. Inú lẹ́búlẹ́bú pákó la ti ń gbìn ín, nínú yàrá kan tó ṣókùnkùn. Ti ẹlòmíì kì í fi bẹ́ẹ̀ hù, àfi èyí tí ọwọ́ Dípọ̀ bá kàn, ọmọ àdúgbò Ìlódè tí mo tọ́ sọ́nà ní yunifásítì títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, tí mo rí olú tó funfun báláú lórí pẹpẹ, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ṣì ń sùn. Màá kàn dúró síbẹ̀, mi ò ní rántí ohun tí mo wá ṣe.

Lọ́dún tí Dípọ̀ gboyè, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn pè mí lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kí n jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Yàrá yẹn ni mo rí lójú ọkàn mi, tó ṣófo, tí olú inú rẹ̀ gbẹ. Mo ní, "Ó ti ríṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí." Irọ́ ni. Mo wá sọ fún Dípọ̀ pé kó fara balẹ̀, ààyè olùkọ́ máa tó ṣí. Èmi náà gbà á gbọ́, mo tiẹ̀ ti ń fọkàn yan tábìlì fún un. Ààyè ò ṣí títí mo fi fẹ̀yìntì.

Àwọn ọmọ girama ló ń kọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́ báyìí. Síbẹ̀, kò yéé wá kí mi nílé mi ní àdúgbò Mayfair, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wá. Ààwẹ̀ ló ń gbà, ó ti rù. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ló já mi kulẹ̀. Wòlíì wa ní ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run mú onítọ̀hún."

Ó kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Bó ṣe ń gbàdúrà lé ọ̀tá rẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe àmín, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pè é kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n dákẹ́, kí n máa retí kí àdúrà ọmọ mi gbà?