Àgádágodo Tí Mo Búra Fún

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fìdí kalẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń dá ara yá. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni dókítà ti sọ fún ìyàwó mi pé kó máa múra sílẹ̀. Ó rò pé etí mi ti kú ṣáájú ẹ̀dọ̀ mi. Mo gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Òní lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ wáyà ni mo kọ́. Nígbà tí wáífáì, ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ láìlo wáyà, dé, èmi ni mo ṣe é sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Ọ̀rọ̀ tó bá ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ kò ní ògiri. Ẹni tó bá wà nítòsí lè nawọ́ gán an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tì í. Àgádágodo tí a ń lò nígbà náà ń wọ aṣọ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣeé dá mọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò pọ̀: kò ní pẹ́ tí yóò fi tún ti àná wọ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù láti máa ṣọ́ aṣọ náà, kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí i, á bọ́ sí i lọ́wọ́. Òmíràn tó le ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé arúgbó kan wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà là ń pè é, tí kò mọ tuntun lò. Nítorí Ìyá Àgbà, gbogbo ilé ń fi ti àtijọ́ tilẹ̀kùn.

Mo kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ọ̀gá pé àgádágodo náà ṣeé já. Ó buwọ́ lù ú pé òun ti rí i. Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní, “Ẹ wá wo Bàbá Afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn ló fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́.” Ó ní ẹ̀rọ tuntun ni mo fẹ́ tà fún wọn. Ó ní kí n da báàgì mi sórí tábìlì bóyá wọ́n á rí ọjà. Ìdè wáyà jáde, ìṣó jáde, ìbọ̀sẹ̀ mi tó ti lu jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Akọ̀wé ọ̀gá nìkan ló bẹ̀rẹ̀ tó ń bá mi ṣa ìṣó nílẹ̀. Ó rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá wọn lóhùn.” Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n lé mi, wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó kọjú sí wọn. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà mi lójú fèrèsé, bí ẹni tó dẹ pàkúté. Lọ́jọ́ kẹta, kọ́kọ́rọ́ já bọ́. Nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, tèmi náà dé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iléèwé mẹ́fà. Wọ́n fagi lé ìdánwò. Mo gba iwájú ilé iṣẹ́ kọjá kí n lè rí ojú ọ̀gá bó ṣe máa wó.

Kò wó. Ó ní èèyàn méjì ló mọ kọ́kọ́rọ́, òun àti akọ̀wé. Ó nawọ́ sí akọ̀wé. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ ẹ jìn, ẹlòmíràn ló já sí i.

Èyí tó burú jù rèé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí pè mí, torí èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú mi búra. Akọ̀wé jókòó síwájú mi, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí itan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn. Ẹ ti ní ó ṣeé já.” Mo wo ọ̀gá. Bí mo bá ní ó ṣeé já, wọ́n á bi mí pé ta ló mọ̀ ọ́n já. Bí ọ̀gá bá ní mo kìlọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́. Ọ̀tá méjì wo ara wọn, wọ́n di ọ̀rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Mo ní, “Kò ṣeé já, àfi kéèyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ọjà ni mo ń tà lọ́jọ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ.” Èébú tó bí mi nínú náà ni mo fi ẹnu ara mi gbà. Wọ́n gbé akọ̀wé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò dúró dè é.

Ọ̀gá ṣì wà láàyè, ó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má retí kí n ní mo ti dárí jì í. Ìwé ìkìlọ̀ mi tó buwọ́ lù wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn mi, mo sì ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹni tó yẹ lọ́wọ́. Bí orúkọ mi bá máa bàjẹ́, kò ní dá bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀sín, ẹ wo ẹni tó bá yín ṣa ìṣó kí ẹ tó sọ òkò.

Akọ̀wé ni mo ránṣẹ́ pè. Òun ló jókòó tì mí yìí, tó ń kọ ohun tí mo ń sọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Ó yí ìwé náà sí mi, ó fi bírò lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ná, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo ti buwọ́ lù ú. Ẹnu mi ni ìtàn yìí ti jáde, òun ló mú un dé ọ̀dọ̀ yín.