Dísíkẹ́ẹ̀tì Méjì tí Sàkírátù Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé mi ò sọ orúkọ mi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ ṣe ojú ayé: ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi sùn dáadáa.

Ọmọ mi ló jí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó tan kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ní pálọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan ayé àtijọ́ yín." Fáìlì kan ṣoṣo ló tẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì yọ: ilẹ̀ aláwọ̀ aró, àwọn àpótí eléérú, aago oníyanrìn tó ń yí. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn, èèyàn kàn lè gbé e káàkiri. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo bú sẹ́kún. Ẹnì kan ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ìlá kí n tó bí i, èmi ni mo sì bà á jẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ku díẹ̀ kó wọlé, mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní, a fi aṣọ bò wọ́n, a sì máa ń bọ́ bàtà ká tó wọlé tọ̀ wọ́n. Ọ̀gá wa ṣòfin pé dísíkẹ́ẹ̀tì kankan, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa mọ́ láyé ìgbà yẹn, ò gbọdọ̀ wọlé tàbí jáde láìgba ọwọ́ mi kọjá. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni gbogbo wọn ń sùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo ń fi ṣe fáàrí.

Sàkírátù, ọmọ télọ̀ kan ládùúgbò wa, wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Kí ọdún tó yí po, ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n jù mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fò mí kọjá, wọ́n á lọ bi í. Ó dùn mí dé egungun.

Oṣù méje ló fi ń kó ètò kan tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó ń gé e, ó ń dín in kù, títí gbogbo rẹ̀ fi gba ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà yòówù kó ki í bọ̀, iṣẹ́ yá nìyẹn. Tó bá sì yọ ọ́, kò ní í fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀. "Àǹtí mi," ó sọ fún mi, "mo ti di gbogbo ẹrù mi sínú ẹ̀." Ó ṣe ẹ̀dà kejì nítorí ìjàǹbá. Méjèèjì ló kó fún mi pa mọ́, bí òfin ṣe wí.

Ilé-ìwé gírámà kan ní Òkè-Ìlá ra kọ̀ǹpútà àlòkù méjì tí kò sí ètò gidi kan nínú wọn. Wọ́n ń wá olùkọ́, wọ́n ní kí Sàkírátù wá fi dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ han àwọn. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé tí iṣẹ́ yìí ò bá bọ́ sí i, kó gbàgbé kọ̀ǹpútà, kó wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó mọ̀ pé àǹfààní kan ṣoṣo tóun ní nìyẹn. Èmi náà mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó fẹ́ lọ, mo kó dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lé òòfà ẹ̀yìn sípíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá wa ti kọ́ wa pé òòfà a máa pa ohun tó wà nínú wọn rẹ́. Mo jẹ iṣu sísun mi tán, mo sì yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn náà kàn án.

Sàkírátù bẹ̀ mí kí n sin òun lọ. Bàbá rẹ̀ náà wá, ó wọ agbádá tuntun, ó ń sọ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ lọ la ojú àwọn ará Òkè-Ìlá. Nígbà tí a dé ilé-ìwé náà, tí Sàkírátù ki dísíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bọ inú kọ̀ǹpútà wọn, kọ̀ǹpútà náà kùn títí, ó ní òun ò lè kà á. Ó fi èkejì sí i. Bákan náà ni. Ó yíjú sí mi. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Mo gbà á, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo mi orí. Mo wá gbé ohùn sókè kí ọ̀gá ilé-ìwé lè gbọ́: "Sàkírátù, ṣé ó dá ẹ lójú pé nǹkan wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ dìde. "Ṣé irọ́ lo ti ń pa fún mi látọjọ́ yìí?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní láti wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Sàkírátù ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Yunifọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń rán. Mo sọ fún un nígbà náà pé ó gé ètò rẹ̀ jù, ló fi bàjẹ́. Ó gbà mí gbọ́. Ó tún dúpẹ́ pé èmi nìkan ni mi ò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi lọ gba ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn hàn án. Lọ́jọ́ kejì, Sàkírátù wá sílé mi, ó tú aṣọ kan tó dì. Dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n fún ọmọ mi kó bá òun yẹ̀ wọ́n wò, òun kàn fẹ́ mọ ibi tóun ti ṣàṣìṣe. Mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń gbà wọ́n láyé ọjọ́un.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fún ọmọ mi. Lánàá, mo lọ bá Sàkírátù ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún un pé ọmọ mi ti yẹ̀ wọ́n wò, pé kò sí nǹkan kan nínú wọn rí.

"Àṣé òótọ́ ni Bàbá mi ń sọ títí wọ́n fi kú, pé mi ò ṣe nǹkan kan rí," ó wí. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó mú téèpù, ó wọn mí fún aṣọ tí mo máa wọ̀ síbi ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi. Ó ní ẹ̀bùn tòun fún mi nìyẹn.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, kó tó rán aṣọ náà tán.