Ẹ Bi Aláròyé

Ó ti sú mi. Dókítà ní kí n máa palẹ̀ mọ́, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí lọ sọ́run. Bí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìpè nílé iṣẹ́ yìí, bá ti há, ẹ̀yin ọmọdé á ní, "Aláròyé tún ti débí." Ẹ ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kó há lọ́jọ́ náà, kì í ṣe òun.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ aláìsàn á pè, ìpè á wọ inú sáfà, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí ojú ò rí, á gbé e, á wá ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn. Nígbà tí ìpè ń pọ̀ sí i, obìnrin kan tá a jọ ń kọ ètò náà ní, "Bàbá, òṣìṣẹ́ ò kéré. Dídúró ni wọ́n ń dúró de èsì awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìpè kalẹ̀, kí wọ́n mú òmíràn. Bí èsì bá dé, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ á mú un." Ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń gùn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Aláròyé. Èmi fẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kún un. Mo ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Ó ní, "Bí ọwọ́ bá pọ̀ jù, Bàbá, èwo ló máa ráyè kan àyà?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bí mi nínú. Agídí lásán ni tèmi.

Lọ́jọ́ òjò ńlá kan, ìpè rọ́ wọlé. Mi ò sọ fẹ́nì kan. Mo sọ òṣìṣẹ́ díẹ̀ di ẹgbẹ̀rún. Wọ́n ń ti ara wọn kiri, kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ parí. Sáfà dákẹ́. Bíríkìlà kan já bọ́ láti orí àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ pè títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọlanke ló fi gbé e délé ìwòsàn. Ó yè, ẹsẹ̀ kan lọ. Ọ̀gá wa bèèrè pé ta ló fọwọ́ kan iye òṣìṣẹ́. Mo ní, "Ẹ bi Aláròyé." Obìnrin náà yíjú sí mi: "Bàbá?" Mo wolẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọ̀gá ní, "Àròyé ẹ ti tó." Wọ́n lé e.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lè purọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti tó fún irọ́.

Mo pe Aláròyé lánàá. Ó ní òun ò gba ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀, ojú ayé ni mo ti ba òun jẹ́. Òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. "Ìwọ" ni mo máa ń pè é nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí. Ẹ máa wí tiyín, bó ti wù kó gùn tó.