Inú Tí Kò Dáa

Kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní Ọ̀fà Garage, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àlájà kan tó ń ta èso àti ìyàwó kan tó ń lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Máńgòrò ni kí o rà, ìyàwó. Wàláhì, oyin ni."

"Ó dùn lóòótọ́, Àlájà. Inú mi ni ò dáa."

"Háà! Ta ní ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé inú òun ò dáa?"

"Kì í ṣe inú yẹn, ikùn ni. Bí mo bá ti jẹ máńgòrò, á wú, á máa lọ́ mi, mi ò ní kúrò ní ṣáláńgá."

"Ṣebí ìyá ọkọ rẹ ló máa jẹ ẹ́."

"Wọ́n á ní ká jọ jẹ ẹ́ ni. Mo ti kọ èyí tí wọ́n bó fún mi rí. Wọn ò bínú. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò lójú mi kí wọ́n tó gbé e fún mi."

Àlájà dá máńgòrò padà sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ìbẹ́pẹ ńkọ́?"

"Èyí tó bá pọ́n dáadáa kì í ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó ṣa ọ̀kan fún un. "Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gé e. Kí o sì jẹ tìrẹ kí wọ́n tó fẹnu kan tiwọn."