Tanímọ̀la, Ajá Tó Dùbúlẹ̀ ti Sàárè Òfìfo

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè fi ọwọ́ kan di ajá ńlá mú… Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù ná. Títí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa o, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ ń sunkún nítorí ajá inú fíìmù. Ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi tọ́ bàbá yín nìyẹn? Ajá ni mò ń kọ́ fún àwọn ọ̀gá ní Garki, ní Àbújá. Lóde òní, òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, bí ẹni pé ìlú ọba ni wọ́n bí wọn sí. Yorùbá ni mo fi kọ́ tèmi. Bí mo bá ti ní "Dùbúlẹ̀," ó dùbúlẹ̀ nìyẹn. Àfi tí mo bá ní "Ó tó," kò ní mira, òjò ì báà máa rọ̀.

Tanímọ̀la lorúkọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Pupa ni, etí rẹ̀ kan kò nàró. Àwọn tó ń ya fíìmù wá bá mi nílé ní Apo. Wọ́n ní eré tí tọmọ tìyá yóò jọ wò ni: ẹni tó ni ajá kú, ajá ò kúrò nídìí sàárè. Àbúrò mi Àlàbí, mẹkáníìkì, òun ló ní òun á ṣe òkú. Ẹ̀rín ló ń rín! Ẹni tó ń darí eré ní kí wọ́n má wulẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ẹ bá mi bi ara mi.

Kwali la ti ya á. Wọ́n gbẹ́ sàárè gidi. Wọ́n gbé pósí sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó inú eré ń ké pé, "Àlàbí, o ti lọ! Àlàbí, ó dàárọ̀!" Mo ní kí Tanímọ̀la dùbúlẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ènìyàn sunkún. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé pósí jáde, wọ́n di ẹrù wọn.

Ẹ gbọ́. Nílé wa, bí wọ́n bá gbẹ́ sàárè tí kò sí òkú mọ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin sí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi: "Ilẹ̀ tó bá yanu, ẹ fún un ní nǹkan." Ṣùgbọ́n mo ní, Àbújá nìyí, ta ló mọ̀ wá níbí? A bá bọ́ sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ kẹta, àìsàn dá Àlàbí gúnlẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan náà, Tanímọ̀la di àwátì.

Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Mo ra ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gba Kwali lọ. Ọ̀sán gangan ni. Kò sí ẹyẹ tó ń ké, ewé kan ò mì. Ta ni mo bá nídìí sàárè? Tanímọ̀la! Láti Apo o, ọkọ̀ méjì là ń wọ̀ débẹ̀! Ó dùbúlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ń wo inú ihò, ó ń ju ìrù… bó ṣe máa ń jù ú bí Àlàbí bá ń pè é. Orí mi wú.

Mo ju ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ihò. Mi ò tíì bu erùpẹ̀ lé e tí ajá fi bẹ́ wọlé, tó fi eyín wọ́ ọ jáde. Ìyá Gbagyi kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń mọ ìkòkò nítòsí ń wò mí. Ó ní, "Kai, Baba. Ẹ ti pe orúkọ ènìyàn síbẹ̀. Ilẹ̀ ò ní gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Tanímọ̀la, ó tó!" Ó dìde, ó sáré wá, ó fi orí nù mí lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún. Ìyàwó Àlàbí ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ o. Ó ti ń mí gúlegúle."

Mo wo ihò. Mo wo ajá. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni Àlàbí… Mo ní, "Padà. Wọlé. Dùbúlẹ̀."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó wọnú ihò lọ, ó dùbúlẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn.

Kí n tó délé, Àlàbí ti ń béèrè ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà mo padà sí Kwali. Ihò ti dí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá yẹn búra pé ẹnikẹ́ni ò gbé ṣọ́bìrì débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà, ẹ̀ ń fi ikú ṣeré lórí fóònù lójoojúmọ́, mi ò lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fọkàn tán yín, ẹ má fi gbèsè ẹnu yín lé e lórí. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Irọ́ ni. Tèmi gbọ́.