Nígbà Tí Dáìrẹ́kítọ̀ Lọ Sẹ́yìn Ìlà

Báyọ̀dé ni dáìrẹ́kítọ̀ tó gbé mi kúrò ní Lọ́kọ́jà lọ sí Idah, nítorí pé mo ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìpàdé. Ọkọ mi wà lórí àkéte àìsàn nígbà náà, ẹ̀yìn mi ló sì kú sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi àyẹ̀wò orúkọ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Felele, ní Lọ́kọ́jà, mo tún rí i. Ó lọ bá ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ mi sí bébà ìlà tán, mẹ́sẹ́njà rẹ̀ àtijọ́.

"Kọ orúkọ mi sókè."

Ọkùnrin náà kí i, "Okun o, ọ̀gá. Ẹ̀yìn màmá yìí ló kàn yín."

"Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

"Háà! Ta ló ń gbé báàgì yín nígbà náà? Níbi àdúrà àárọ̀ ọ́fíìsì, ṣebí ẹ máa ń sọ pé Ọlọ́run ló fi yín jọ̀gá, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Bíbélì ni."

"Àmín. Òun náà ló fi bébà yìí lé mi lọ́wọ́ lónìí. Ẹ má jiyàn, sà."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dúró sẹ́yìn mi, mo yíjú sí i, mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé mi lọ, nígbà tó mọ̀ pé ọkọ mi ò lè dìde.

Ó ní, "Màmá, Ọlọ́run ló gbé yín lọ. Èmi kàn fọwọ́ sí ìwé ni."